Orí Ta Ni Ẹ̀rọ Fi Kọ́ṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Kábà nìyí, lórí bí a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ka àwòrán ọpọlọ, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà.

Okun o, gbogbo ilé. Okun, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú. Okun, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí. Àlejò tó bá wà láàárín wa lè máa rò ó pé kí ló dé tí à ń fi okun kí ara wa láàárọ̀, lálẹ́, nínú ọ̀fọ̀ àti nínú ayọ̀. Agbára ni à ń fẹ́ fún ara wa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí náà gba agbára díẹ̀ láti tẹ̀ lé, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ìyá bàbá mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìsánlú ni wọ́n wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí apá ọ̀tún wọn dédé kú tìpìrì, tí ẹnu wọn sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ni. Ohun tí a kò mọ̀ ni irú èyí tó jẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó ń gbé e lọ sí ọpọlọ ni, tàbí iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn síbi tí kò yẹ? Oògùn tó lè gba ẹni àkọ́kọ́ là lè pa ẹni kejì. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, sikáànì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló lè ṣe é. A gbé wọn sínú ọkọ̀, a gba Ẹ̀gbẹ̀, a gba Òmù-Àrán, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Ìlọrin. Wọ́n ya àwòrán náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kejì kí ẹni tó lè kà á tó dé. Lórí bẹ́ǹṣì tí mo sùn sí lóru náà ni ó ti yé mi pé ohun méjì ló ṣọ̀wọ́n: ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán, àti ojú tó mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ìgbà náà wá, ìkejì yìí ló dá lé. Bí a ṣe lè kọ́ kọ̀ǹpútà kó máa bá wa ka àwòrán ọpọlọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́. Ọpọlọ àgbàlagbà kò tó kílò kan àtààbọ̀. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara, bí ìdá 2 péré ni tirẹ̀, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Agbárí ló bò ó, a kò lè ṣí i wò bí ìgbà tí a ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ní ọdún 1971, ní London, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT, sikáànì tó ń lo X-ray, tí Godfrey Hounsfield ṣe, ya orí aláìsàn kan láìfi ọ̀bẹ kàn án. MRI ló tẹ̀ lé e. Òòfà ńlá ló wà nínú tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé omi pọ̀ nínú ara wa, háídrójìn sì wà nínú omi. Òòfà náà á mú kí àwọn háídrójìn wọ̀nyí kọjú sápá kan, ìgbì rédíò á ta wọ́n jí, bí wọ́n sì ṣe ń padà sípò ni wọ́n ń ránṣẹ́ jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n rán yẹn ni kọ̀ǹpútà ń sọ di àwòrán. Paul Lauterbur ló kọ́kọ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han ayé ní 1973, òun àti Peter Mansfield sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Ní 1990, Seiji Ogawa fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn àti èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán kì í ṣe bákan náà nínú òòfà. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ọ̀nà láti mọ apá ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ nígbà tí ènìyàn bá ń wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí tó ń gbọ́ orin.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà ni àwòrán náà, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ fọkàn yàwòrán ṣúgà oníhóró tí wọ́n tò pọ̀ títí ó fi rí bí orí ènìyàn, tí nọ́ńbà kan wà lára hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ìhà hóró kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà kan, hóró inú ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo yóò ju mílíọ̀nù kan lọ. Ojú dókítà á rí ohun tó tóbi tó sì hàn. Àyípadà kékeré tó fọ́n ká sára hóró ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, tí kò sì dá dúró níbì kankan, kò sí ojú ènìyàn tó lè kó o jọ. Níbẹ̀ ni machine learning, ìyẹn fífi àpẹẹrẹ kọ́ ẹ̀rọ, ti wọlé.

Kajú ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n níbí. Nígbà kajú, ọmọbìnrin kan á jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n á máa ṣa hóró tó dára kúrò lára èyí tó ti bàjẹ́. Ìyá kò kọ òfin sílẹ̀ fún un pé bí ó bá fúyẹ́ tó báyìí, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú tó báyìí, dà á nù. Ohun tó ń sọ kò ju pé: èyí dára, ìyẹn ò dára, ìyẹn náà ò dára. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kan hóró, ọwọ́ ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó lè má lè ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni à ń kọ́ ẹ̀rọ. A ó kó àwòrán ọpọlọ púpọ̀ fún un, a ó sọ fún un pé ẹni yìí ní àrùn ìgbàgbé, ẹni yìí kò ní in, òun fúnra rẹ̀ á wá máa wá ohun tó yà wọ́n.

Ó ṣiṣẹ́ o. Ní 2001, James Haxby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi han àwọn tó wà nínú MRI ojú ènìyàn, ilé, ológbò, bàtà, ìgò àti àwọn nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi bí gbogbo hóró apá kan ọpọlọ ṣe tò wé ara wọn, wọ́n lè sọ irú ohun tí ẹni náà ń wò. Kì í ṣe hóró kan ló jẹ́rìí. Àpapọ̀ wọn ni, bí ìlù kò ṣe dùn láti ara ohùn kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí má baà gba ibẹ̀. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ́ ẹ̀rọ kan láti mọ ọpọlọ tí àrùn ìgbàgbé ti ń jẹ. Èsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá mi lórí fóònù lóru. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mo ṣe. Àwòrán orí ẹnì kan dà bí búrẹ́dì, a lè gé e sí ègé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo ti gé gbogbo wọn, mo dà wọ́n pọ̀, mo wá pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí fún ẹ̀kọ́, èyí fún ìdánwò. Ègé ogójì láti orí Lágbájá bọ́ sínú ẹ̀kọ́, ègé ìkọkànlélógójì láti orí Lágbájá kan náà bọ́ sínú ìdánwò. Ẹ̀rọ mi kò mọ àrùn. Lágbájá ló mọ̀. Ìgbà tí mo pín wọn bó ṣe yẹ, kí ẹni tó bá wà nínú ẹ̀kọ́ má ṣe fara hàn nínú ìdánwò rárá, èsì náà wálẹ̀ wúyẹ́. Bí ìyá oníkajú bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ti mọṣẹ́, apẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà kò rí rí ni yóò gbé ka iwájú rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣà láná. Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí kan yẹ ìwé ìwádìí àwọn ẹlòmíràn wò lórí Alzheimer, ìyẹn irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, àti irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tó ṣeé ṣe kí ìdánwò ti jò sínú ẹ̀kọ́. Àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nìyẹn, tí àwọn ènìyàn ti ń tọ́ka sí.

Ewu kejì le ju èyí lọ láti rí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbogbo kajú tó bàjẹ́ wá láti ọwọ́ oníṣòwò kan tó ń lo àpò aláwọ̀ búlúù. Ọmọ náà lè máà wo hóró mọ́ rárá, àpò ni yóò máa wò, á sì máa gbà á ní gbogbo ìgbà títí ọjọ́ tí oníṣòwò á pààrọ̀ àpò. Nínú iṣẹ́ ọpọlọ, àpò búlúù pọ̀. Bí aláìsàn bá ti ilé ìwòsàn kan wá tí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá ti òmíràn wá, ẹ̀rọ lè kọ́ ìyàtọ̀ òòfà méjèèjì. Bí ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ bá ń mi orí nínú MRI, ẹ̀rọ lè kọ́ orí mímì, kó sì máa pè é ní àìsàn ọpọlọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011 kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé púpọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kó àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jọ láti ibi mẹ́jọ, wọ́n pe àkójọ náà ní ADHD-200, wọ́n sì kéde ìdíje fún gbogbo ayé: ẹ wá kọ́ ẹ̀rọ tí yóò mọ ọmọ tó ní ADHD, ìyẹn àìlèfarabalẹ̀ tó ti di àìsàn, àti irú tó jẹ́. Àwọn tó gba ipò kìíní láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gba ìdá 60.51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbàgbé pé ó ju ìdajì àwọn ọmọ náà lọ tí kò ní àìsàn kankan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàn ń sọ fún gbogbo ọmọ pé ara rẹ dá, á gbà ju ìdajì lọ. Èyí tó wá jù ni ti ikọ̀ kan láti Alberta, ní Kánádà. Wọn kò fi àwòrán ọpọlọ kankan ṣe ìdáhùn wọn. Ọjọ́ orí ọmọ, bó ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ọwọ́ tó ń lò, àti máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò òye ni wọ́n lò. Ìdá 62.52 ni wọ́n gbà. Wọn kò lè fún wọn ní ipò kìíní nítorí òfin ìdíje ní kí wọ́n lo àwòrán, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí dòní. Kí a tó náwó MRI, kí a tó tan kọ̀ǹpútà tó ń jẹ iná bí ohun tí ó ń ṣe ọdún, ṣé a ti béèrè bóyá ohun tí nọ́ọ̀sì lè kọ sínú káàdì ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní sọ ohun kan náà fún wa? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níhìn-ín, káàdì yín kì í ṣe ohun kékeré.

Iye ènìyàn náà tún wà níbẹ̀. Ní 2022, Scott Marek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwòrán ọpọlọ tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn láti fi hàn pé bí a bá fẹ́ so bí ọpọlọ ṣe rí mọ́ ìwà tàbí òye, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn la nílò kí èsì tó dúró. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tó wọ́pọ̀ ń lo bí ènìyàn 25. Ìdí nìyí tí àkójọ ńlá bí UK Biobank ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wúlò. Ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló fi ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pinnu láti ya ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú wọn sínú MRI.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa, kí ẹ wá béèrè ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Orí ta ni?

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. 84 ni wọ́n rí fún ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 370 lọ. 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tó bá kọ́ṣẹ́ lórí àwòrán láti òkè òkun, tó wá dé bá wa níbí, dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní kajú ṣíṣà tí a wá gbé obì sí níwájú. Kì í ṣe pé ọpọlọ wa yàtọ̀ bí ẹ̀dá mìíràn o, ẹ má gbọ́ mi lódì. Òòfà wa ló sábà jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ kéré, àwòrán wa kì í mọ́ tó tiwọn, aláìsàn wa sì máa ń pẹ́ kó tó dé, nígbà tí kókó inú orí ti tóbi. Bí ayé tí a ń gbé ṣe ń kan ọpọlọ náà ò sì dọ́gba. Láti 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, ti ń bá àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis láti ọdún dé ọdún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, bí ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti Ìbàdàn ló ń kó Alzheimer, ti Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ẹ̀rọ tí ẹ fi àwọn ti Indianapolis nìkan kọ́, kí ló fẹ́ sọ nípa màmá àgbà kan ní Ìyàrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìrìn nínú ọ̀rọ̀?

Irun orí wa pàápàá wà nínú ẹjọ́ yìí. Ọ̀nà tó dínwó jù láti gbọ́ ohùn ọpọlọ, ìyẹn iná kéékèèké tó ń ta jáde, ni EEG, tí Hans Berger kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní Jámánì ní 1924. Wọ́n á lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ awọ orí. Òun ni à ń lò jù fún wárápá. Irin náà gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun wa sì nípọn, ó ká, kò jẹ́ kí irin jókòó. Nínú ìwádìí, bí àmì kò bá mọ́, yíyọ ni wọ́n á yọ ẹni náà kúrò. Irun orí ẹni á wá di ìdí tí orí ẹni kò fi sí nínú ohun tí ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́. Ní nǹkan bí 2020, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Arnelle Etienne, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, fi ọgbọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n di irun náà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ tó gba ibi tí irin yóò wà, wọ́n sì ṣe irin tí yóò há sáàárín irun dídì náà. Nígbà tí mo kà á, àwọn onídìrí tó wà ní ọjà wa ni mo rántí. Obìnrin tó mọ kòlẹ́sẹ̀ dì mọ iṣẹ́ yẹn ju ọ̀pọ̀ wa tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Mo fẹ́ kí ilé ìwòsàn wa pè é, kí wọ́n sì sanwó fún un.

Nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ìdíje kan wà tó ń jẹ́ BraTS, láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ láti fa ìlà yí kókó inú ọpọlọ ká, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ ibi tí yóò gé àti ibi tí yóò yẹra fún. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀jọ̀gbọ́n ní wákàtí ni. Ní 2023 wọ́n fi àwòrán láti Áfíríkà kún un fún ìgbà àkọ́kọ́, láti àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Udunna Anazodo sì wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ yín ló jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. MRI kékeré tó ní táyà náà ti jáde. Wọ́n lè tì í dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iná inú ògiri lásán ló ń lò, agbára òòfà rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ogún ti àwọn ńlá. Machine learning ló ń bá a sọ àwòrán rẹ̀ di èyí tó mọ́. Inú mi dùn sí i, nítorí mo ń rò ó pé irú rẹ̀ ló lè dé Ìsánlú. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, nítorí ẹ̀rọ tó ń tún àwòrán ṣe lè fi ohun tí kò sí kún un, bí kò bá rí irú orí bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan bi mí bóyá ẹ̀rọ yìí lè mọ ohun tó wà nínú òun. Mo sọ fún wọn pé inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé, ó sì ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní 2023, àwọn kan ní Texas kọ́ ẹ̀rọ tó lè sọ kókó ìtàn tí ẹnì kan ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà ti dùbúlẹ̀ sínú MRI fún bí wákàtí 16 kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹni náà bá sì ti ń ro nǹkan mìíràn, ọwọ́ ẹ̀rọ kì í bà á mọ́. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ti ẹlòmíràn kọ́ kò sì lè ka tirẹ̀.

Bàbá kan láti Bùnú dìde lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí mo bá gbà kí ẹ ya orí mi, ta ló ni àwòrán náà?" Mo dá wọn lóhùn pé àwọn ni, pé ìwé ìfọwọ́sí wa wà ní Yorùbá, pé a ó kà á sókè fún wọn, pé orúkọ wọn kò ní sí lára àwòrán náà, àti pé bí wọ́n bá yí ọkàn padà kí a tó dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, a ó pa á rẹ́. Wọ́n bi mí pé lẹ́yìn tí a bá ti dà á pọ̀ ńkọ́? Mo sọ fún wọn pé nígbà yẹn, ohun tí ẹ̀rọ ti kọ́ lára wọn, a kò lè mú un kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn máa délé bá àwọn ọmọ àwọn sọ̀rọ̀ ná. Mo fún wọn ní ìwé náà kí wọ́n mú un lọ.